Ìjà Bàbá Méjì Nínú Kọ̀ǹpútà Kan

Nígbà tí mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ tí mo padà sí Arámọ̀kọ, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo rí ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbà mí sí. Lójú ẹbí wa, ẹni tó ní kọ̀ǹpútà alágbèéká tí kò ní iṣẹ́, ti gbogbo ènìyàn ni.

Ètò kan wà lórí kọ̀ǹpútà náà tó ń kó Wasáàpù àti Fesibúùkù oríṣiríṣi ènìyàn sójú kan. Orúkọ wọn á tò sí apá òsì. Èyí tí mo bá tẹ̀, òun ni mo dà. Ti bàbá mi wà níbẹ̀, nítorí pé ìka rẹ̀ tóbi ju lẹ́tà fóònù lọ. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí a ń pè ní Bàbá Ìjerò náà wà níbẹ̀, nítorí ojú tó ń ṣe bàìbàì. Òun á pè mí, á sọ ohun tí màá kọ. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni àwọn méjèèjì. Kò sí èyí tó mọ̀ pé ti ìkejì wà lọ́wọ́ mi. Kò sì sí ẹni tó bi mí.

Ní ọjọ́ kan, Bàbá Ìjerò ní kí n kọ ọ́ sójú Wasáàpù ẹbí pé Ẹ̀fọ̀n ni baba ńlá wa ti wá. Bàbá mi ní kí n fèsì: "Irọ́ ni. Ìlá ni." Mo ti rò ó dáadáa. Bí ó bá wí pé, "Ó jọ pé ẹ gbàgbé, sà," ìtumọ̀ kan náà ni, inú kò sì ní í bí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àbúrò kì í sọ fún ẹ̀gbọ́n pé irọ́ ni, pàápàá níwájú àwọn ìyàwó ilé.

Láti ìgbà náà, èmi ni mo ń kọ ìjà wọn. Bàbá mi á dúró lẹ́yìn mi: "Kọ ọ́ pé ewú orí kì í ṣe ẹ̀rí." Kí ọbẹ̀ tó tutù, Bàbá Ìjerò á pè: "Bi í léèrè, ta ló kọ́ ọ ní A, B, D?" Bí a bá wò ó, èmi ni mo ń bú ara mi, mo sì gbọ́dọ̀ gbà pé mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Ohun tó ba eré náà jẹ́ ni mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ku ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá Ìjerò ni olórí ẹbí. Bí kò bá jókòó, kò sí ẹni tí yóò gba ẹnu wa sọ̀rọ̀ níwájú àwọn àna, ó sì ti ní òun kò ní í wá sí ulé ẹni tó pe òun ní onírọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò jẹun mọ́.

Ní Ọjọ́rú, bàbá mi juwọ́ sílẹ̀. "Kọ nǹkan sí i. Ìwọ lo kàwé jáde. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀ jù."

Mo kọ ọ́: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀bi mi ni. Nítorí ọmọ wa, ẹ jẹ́ kó tán." Mo fi ránṣẹ́. Lójú ẹsẹ̀, fóònù bàbá mi dún nínú àpò rẹ̀.

Ó kà á. Ó jókòó. "Ẹ̀gbọ́n mi ló ń bẹ̀ mí yìí? Ó tún ń bọ̀wọ̀ fún mi? Ṣé ara rẹ̀ yá ṣá? Ṣé tiwa ti lọ?"

Mo wo apá òsì. Orúkọ Bàbá Ìjerò ni mo tẹ̀.

"Tiwa kò tíì lọ, sà." Òótọ́ ni. Mo wọ̀n ọ́n kí n tó sọ ọ́.

"Má wulẹ̀ fi ránṣẹ́ mọ́. Kí àgbà bẹ̀ mí, kí n jókòó? Dìde, Ìjerò yá!"

Nínú ọkọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo la ẹnu láti jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n bàbá mi ń nu ojú, mo sì mọ̀ pé bí mo bá sọ̀rọ̀, a ó ní kí awakọ̀ dá wa padà.

Ní pálọ̀ Bàbá Ìjerò, bàbá mi, tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ̀gbọ́n mi, kò yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bẹ̀ mí. Ẹ dójú tì mí."

"Èmi? Bẹ ìwọ?" Bàbá Ìjerò mú fóònù rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ imú, ó kà á. Ó tún un kà. Ó gbójú sókè, ó wò mí. Mo ń wo kápẹ́ẹ̀tì.

"Dìde ńlẹ̀, jàre," ni ó wí fún àbúrò rẹ̀ níkẹyìn. "Ohun tí o kà ni mo wí."

Nígbà tí bàbá mi jáde láti pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lórí fóònù, Bàbá Ìjerò fi ìka pè mí.

"Ọ̀mọ̀wé. Ṣé ó ṣeé pa rẹ́?"

"Ó ṣeé ṣe, sà."

"Fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n yọ mí kúrò nínú kọ̀ǹpútà rẹ lónìí yìí, kí n má baà lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó mi lọ́la."

Mo yọ ọ́ níṣojú rẹ̀.

Ní Sátidé, ó dé kí àwọn àna tó dé. Ó jókòó sáàárín wa, ó kí wọn káàbọ̀, ó sì sọ fún wọn pé Ẹ̀fọ̀n ni baba ńlá wa ti wá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wo bàbá mi. Èmi náà wò ó.

Ó wúkọ́. "Ó jọ bẹ́ẹ̀, sà," ni ó wí.