Ojú Méjì fún Ọkọ̀ Bàbá Mi

Ọmọkùnrin àgbà tí ìyáálé ìyá mi bí fún bàbá wa ni ó kọ́kọ́ rẹ́ mi jẹ láyé. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ agboolé wa ní Ọjà'ba ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní a kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa. Èmi yóò sọ ọ́.

Nígbà tí bàbá kú, àwọn àgbà agboolé pín ogún ní ìdí-igi: ìyàwó méjì, ìpín méjì. Ilé àti oko kò ṣòro. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ni kò ṣeé pín. Ó ti gbó, ṣùgbọ́n ìyá mi ni ó ta aṣọ òfì rẹ̀ kí bàbá tó rí i rà, èmi nìkan ni ó sì bí. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n pín in bí ẹní pín ẹran. Wọ́n gbà! Wọ́n fún mi ní ọkọ̀, wọ́n tú iná iwájú rẹ̀ méjèèjì fún un. Ó gbé wọn kọ́ sára ògiri pálọ̀ rẹ̀ bí ìwo ẹfọ̀n.

Ó ní, "Wọ́ òkú rẹ lọ. Ọkọ̀ tí kò lójú, ta ni yóò fún un níwèé?"

Òótọ́ ni. Wọn kì í fún ọkọ̀ tí kò níná níwèé àṣẹ ní ọ́fíìsì ìjọba lórí òkè Mápó. Àwọn àgbà fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà: bí kò bá gbawé, kí ó di ti ẹ̀gbọ́n mi.

Mo lọ sí ilé ìtajà àwọn òyìnbó. Akọ̀wé ibẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, irú iná tí ẹ ń kán omi sí òkúta rẹ̀ kí gáàsì tó jáde? Ó ti tán nílé ayé. Ti bátìrì la ń tà." Ọkọ̀ mi kò sì ní bátìrì. Alágbẹ̀dẹ páànù kan ní Bẹẹrẹ ní òun yóò de àtùpà méjì mọ́ ọn. Mo bi í bóyá ọ̀gá Mápó fọ́jú.

Mo fi òwú wọn ibi tí iná ń jókòó sí, mo ta á ní kókó, mo fi sínú àpò. Bí ilé ìwé bá ti jáde, èmi àti òwú mi a tún gbọ̀nà. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo bá bàbá asúdẹ kan ní Bẹyẹrúńkà níbi tí ó ti ń to idẹ àlòkù sẹ́bàá iná. Iná ọkọ̀ méjì wà nínú wọn.

"Bàbá, ẹ má tíì yọ́ wọn!"

"Sùbùhánálláhì! Tíṣà, ẹ rọra. Dígí kan ti sán."

"Dígí kò ṣòro, bàbá. Ẹ jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n."

Kókó òwú bọ́ sójú ihò ìdí iná náà gẹ́lẹ́. Mo rà wọ́n.

Kí ọ̀sẹ̀ kẹfà tó pé, ọ̀sán gangan ni mo tan iná méjèèjì lórí òkè Mápó, lójú àwọn àgbà agboolé. Ọ̀gá buwọ́ lùwé. N kò kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ náà, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀ títí dòní.

Ó tó ọdún mélòó kan kí ó tó tún bá mi sọ̀rọ̀. Àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀. Mo jókòó tì í, kò wojú mi.

"O gba ọkọ̀," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n bí mo bá kú, wọn ò gbọdọ̀ fi gbé mi o. Kí wọ́n fi orí rù mí."