Àwọn Pẹ́pẹ́yẹ Erin-Ìjẹ̀ṣà

Òórùn ọ̀dà tí wọ́n fi kẹrosíìnì pò, òun ni òórùn ọdún Iléyá nímú mi títí dòní. Kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ ẹran díndín. Nílé wa ní Alékùwódò, ní Òṣogbo, bí ilẹ̀ ọdún bá ti ń mọ́, bàbá mi á ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù, á ti gbé àpótí ìjókòó síwájú aṣọ àwòrán kan, á máa fi búrọ́ọ̀ṣì tún ojú àpáta ṣe. Ọ̀dà náà kì í tíì gbẹ tí àwọn ọmọ tó ti Yídì dé á fi kún ẹnu ọ̀nà wa fọ́fọ́, aṣọ tuntun lọ́rùn, bàtà tuntun ń bó wọn lẹ́sẹ̀, tí wọ́n á máa pariwo pé, "Fótò, ó kàn mí! Fótò, èmi ni mo kọ́kọ́ dé!"

"Fótò" ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá mi, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan ò mọ̀ pé wọ́n sọ ọ́ lórúkọ rí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ò ní ṣàì rántí irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, nígbà tí fóònù ò tíì sọ gbogbo wa di ayàwòrán. Ó ya àwọn ibi tí òkìkí wọn kàn ní Nàìjíríà sára aṣọ gbàgìdì gbàgìdì, ó fi okùn so wọ́n kọ́ àjà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Bí èèyàn bá wọlé, kì í béèrè pé fótò mélòó lẹ fẹ́ yà. Ohun tó máa ń bi wọ́n ni pé, "Níbo lẹ̀ ń lọ?" Ẹni tó bá ní Abẹ́òkúta, bàbá mi á tú okùn kan, Òkè Olúmọ á já wálẹ̀ wìì. Ẹni tó bá ní Kánò, odi alámọ̀ àtijọ́ ló máa rí. Àwọn ọmọkùnrin fẹ́ràn erin Yankari. Àwọn tó fẹ́ kí wọ́n rò pé àwọn ti lówó, Àpáta Zuma tó wà lọ́nà Àbújá ni wọ́n máa ń mú. Èmi fúnra mi, kí n tó mọ ọ̀nà ibùdókọ̀ Old Garage dáadáa, mo ti yí Nàìjíríà po lórí ìdúró.

Igbó Ọ̀ṣun nìkan ni kò yà. Àwọn òyìnbó ń ti òkè òkun wá wò ó o, àmọ́ bí mo bá bi bàbá mi pé kí ló dé, á ní, "Ta ni yóò wá sanwó kó lè dúró níwájú ilé ara rẹ̀?"

Kò sì dé ọ̀kankan rí nínú ibi tó ń yà. Ibà kan ló ṣe é ní kékeré, ó mú ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ rọ, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ẹ sì wo ilẹ̀ wa yìí, gbogbo ibi tí wọ́n ń yìn, gígùn ni wọ́n ń gùn ún. Inú kàlẹ́ńdà, orí páànù bisikíìtì àti ẹnu àwọn arìnrìn-àjò ló ti ń kó tirẹ̀ jọ. Bí ó bá ti gbọ́ pé ẹnì kan ti àjò dé, ì báà jẹ́ dírẹ́bà, ì báà jẹ́ àgùnbánirọ̀, á ránṣẹ́ pè é, á tan iná ṣọ́ọ̀bù, á já aṣọ ibi tí onítọ̀hún lọ sílẹ̀, á wá bi í pé, "Ó jọ ọ́?" Ọ̀pọ̀ wọn a máa ní ó jọ ọ́, kí wọ́n lè tètè bá tiwọn lọ. Bàbá mi mọ̀. Tí wọ́n bá lọ tán, á máa fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀, á ní, "Ìròyìn ò tó àfojúbà."

Ọmọ Ìwárajà ni ìyá mi, aṣọ ló ń tà ní apá kan ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ìjẹ̀ṣà paraku ni. Bí inú bá bí i, èdè tiwọn ló máa fi ń bá wa wí, àwa ọmọ Òṣogbo á kàn máa wo ẹnu rẹ̀. Omi Erin-Ìjẹ̀ṣà, tó ń já bọ́ láti orí àpáta, kò jìnnà sí ìlú rẹ̀ rárá, kò sì débẹ̀ rí. "Ta ni yóò fi oko sílẹ̀ kó lọ máa wo omi?" ló máa ń wí. "Ṣé omi ò sí nínú àmù ni?" Nítorí náà, nígbà tí bàbá mi ya omi náà, tó ya pẹ́pẹ́yẹ funfun méjì ọlọ́rùn gígùn sínú adágún tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, gẹ́lẹ́ bó ṣe rí wọn lórí páànù bisikíìtì, kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Aṣọ yẹn ló sì wá gbajúmọ̀ jù nínú gbogbo wọn. Àwọn ìyàwó tuntun fẹ́ràn pẹ́pẹ́yẹ ju ohun tí ẹ lè rò lọ. Bàbá mi fi yangàn títí. Bí àlejò bá dé, òun ló máa ń kọ́kọ́ fi hàn án.

Mo wà ní ìwé karùn-ún nígbà tí ilé ìwé wa ní àwọn fẹ́ kó wa lọ sí Erin-Ìjẹ̀ṣà. Ìyá mi kọ̀. Ó ní òun ò bímọ fún omi. Bàbá mi, tí kì í jẹ́ kí n dá sọdá títì, òun ló ní kí n lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tẹ̀ lé mi dé Old Garage níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró dè wá, ariwo àwọn agbèrò ń sọ lọ́tùn-ún lósì. Ó fa etí mi mọ́ra, ó ní, "Mùìnátù, bá mi wò ó dáadáa. Ojú méjèèjì ni kó o fi wò ó. Bó o bá dé, ìwọ lo máa sọ fún mi bóyá ó jọ ọ́." Ẹ̀yin èèyàn mi, wọn ò tíì rán mi ní iṣẹ́ tó tó bẹ́ẹ̀ rí. Nílé, ìṣáná àti iyọ̀ ni wọ́n ń rán mi rà.

A gun àkàsọ̀ títí, èémí ń gé wa, a fi dé ibi tí omi ti kọ́kọ́ ń já. Gbogbo wa la gbójú sókè. Kúdírátù ló la ẹnu. Ọmọ kíláàsì mi ni, ilé wọn ò jìnnà sí tiwa, ìyá rẹ̀ sì máa ń mú un wá ya fótò níwájú aṣọ yẹn lọ́dọọdún. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó kígbe sókè kí omi má baà bo ohùn rẹ̀: "Mùìnátù! Àwọn pẹ́pẹ́yẹ bàbá ẹ dà? Àbí wọ́n ti relé lọ jẹun?"

Hàà! Gbogbo kíláàsì ló bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà gan-an rẹ́rìn-ín. Mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tí ọwọ́ mi gbéra nílẹ̀, etí Kúdírátù ni mo bá a. Tíṣà bá wọ́ mi lọ sórí òkúta kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní n ò ní fẹsẹ̀ kan omi lọ́jọ́ náà, ibẹ̀ ni kí n jókòó sí títí a ó fi lọ. Àwọn yòókù ń fọ́n omi síra wọn lójú, èmi ń sunkún lórí òkúta.

Nígbà tí mo sunkún tó sú mi, ẹ̀rù wá bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí, kì í sì í ṣe ẹ̀rù tíṣà. Bàbá mi ni mò ń rò. Bí mo bá ní ó jọ ọ́, mo ti di ọ̀kan nínú àwọn tó fẹ́ tètè bá tiwọn lọ nìyẹn. Bí mo bá sì ní kò jọ ọ́, aṣọ tó fi ń yangàn káàkiri Òṣogbo, èmi ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni mo máa fọwọ́ ara mi fà á ya. N ò mọ èwo ni kí n ṣe. Nígbà tí kò sì sí nǹkan mìíràn tí mo lè ṣe lórí òkúta yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo omi.

Bí bọ́ọ̀sì ṣe já wa sílẹ̀, mo bá bàbá mi níwájú ṣọ́ọ̀bù lórí àpótí rẹ̀. Ó ti tan iná. Aṣọ Erin-Ìjẹ̀ṣà ti wà nílẹ̀, àwọn pẹ́pẹ́yẹ méjèèjì ń wò mí. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n kúnlẹ̀ tán.

"Ó jọ ọ́?"

Mo bú sẹ́kún. Ìyá mi sáré jáde, ó rò pé mo kó sómi ni. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, kò sí pẹ́pẹ́yẹ níbẹ̀." Bàbá mi yíjú sí aṣọ náà, ó wò ó títí. Ni bàbá mi bá tẹ ọ̀pá mọ́lẹ̀, ó fà mí sún mọ́ ara rẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Kí ló wá wà níbẹ̀?"

Ẹ wá gbọ́rọ̀ lẹ́nu mi! Mo ní omi ò já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà bó ṣe yà á yìí, ó ń fọ́n ká lára òkúta ni, bí ìgbà tí wọ́n bá ń fẹ́ èlùbọ́ sínú afẹ́fẹ́. Mo ní ó máa ń tutù sí èèyàn lára kéèyàn tó débẹ̀. Ó ní òkúta ńkọ́? Mo ní ó dúdú. Ó ní dúdú bíi kí ni? Mo ní bí ìdí ìkòkò ìyá mi. Ìyá mi ní kí n fi ìkòkò òun sílẹ̀ o. Mo ní bí ẹnì kan bá ń bá ọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ lo máa rí, o ò ní gbọ́ ohùn. Bàbá mi, tó ti mú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, bá gbé e sílẹ̀. "Ariwo yẹn wá le," ló wí. "Báwo lèèyàn ṣe ń ya ariwo?"

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó fi tún aṣọ yẹn yà, èmi lojú rẹ̀. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, á ní, "Wá wò ó. Ó jọ ọ́?" Mo máa ń sọ ibi tó jọ ọ́, mo sì máa ń sọ ibi tí kò jọ ọ́. Nígbà tó parí, ó ti ya ọmọbìnrin kékeré kan sórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, tó fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Ó ní ariwo nìyẹn. N ò sọ fún un pé ibẹ̀ gan-an ni mo jókòó sí. Ó jọ pé Tíṣà ti sọ fún un.

Iléyá dé, ìyá Kúdírátù wọlé tòun ti gèlè. Bàbá mi já aṣọ náà sílẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀. Obìnrin náà sún sẹ́yìn. "Fótò, ta ló kó àwọn pẹ́pẹ́yẹ wa lọ? Ta ló fẹ́ dúró síwájú òkúta dúdú lọ́jọ́ ọdún?" Kò dúró o, Zuma ló ní kó já wálẹ̀ fún òun. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ sunkún. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ejìká rẹ̀ fi ń mì. Nígbà tó yá, ó ya pẹ́pẹ́yẹ kan ṣoṣo sí igun aṣọ, kékeré báyìí, ó ní, "Ọjà ni, ọmọ mi. Èmi àti ìwọ ṣáà mọ bó ṣe rí."

Mo ti rìn báyìí. Mo ti gun Olúmọ, mo ti dé Obúdù níbi tí òtútù ti gbá mi mú bí olè, mo ti rí ìnàkí Yankari tó já búrẹ́dì gbà lọ́wọ́ mi. Bàbá mi ti darúgbó, orúnkún kejì náà ti kọṣẹ́, kò lè jókòó pẹ́ nínú mọ́tò mọ́. Kò sẹ́ni tó ń wá ya fótò ọdún mọ́. Àwọn aṣọ náà ṣì wà lájà, ìyá mi ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dáná sun wọ́n níṣojú òun. Ibikíbi tí mo bá lọ, mo máa ń fi fótò ránṣẹ́ sí fóònù ìyá mi, kó fi hàn án. Mo sì máa ń rò pé mo ti ṣe ojúṣe mi.

Láìpẹ́ yìí, mo kó àwọn ọmọ mi lọ sí Àbújá lọ́dọ̀ àbúrò mi, a sì ya dé ìdí Àpáta Zuma. A ya fótò, ẹ ò rí i, títí ọwọ́ fi ń ro mí. Mo fi ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, a wọ mọ́tò, a ń padà lọ. A ò tíì rìn jìnnà tí ìpè wọlé. Bàbá mi ni, ohùn rẹ̀ ti di tínrín.

"Mùìnátù, mo rí i. Àwọn ọmọ dàgbà, màṣá Állàhù. Mo ti ní kí wọ́n bá mi já aṣọ Zuma sílẹ̀, mo wà níwájú rẹ̀ báyìí. Àwọn ìlà tó wà lójú àpáta yẹn, ṣé wọ́n dé ilẹ̀? Ó jọ ọ́?"

Mo ní kó dúró ná, mo ṣí àwọn fótò náà. Orí mi ló bo àpáta nínú èyí àkọ́kọ́. Nínú èkejì, orí ọmọ mi ni. Mo ń yí wọn lọ, orí, eyín, gíláàsì ojú. Mo rántí bí àwọn ọmọ ṣe tò, mo rántí bí mo ṣe tún gèlè mi wé. Àpáta ńlá yẹn, n ò rántí bó ṣe rí. Ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ lórí òkúta, tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́, mú odindi omi délé fún bàbá rẹ̀. Èmi àgbà, mo dé ìdí àpáta, mo kẹ̀yìn sí i.

"Bàbá," mo ní, "n ò mọ̀."

Ni mo bá gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀, ẹ̀rín ọjọ́ pẹ́pẹ́yẹ yẹn gan-an. "Kò burú. Tìẹ ṣáà dáa, o ò sọ pé ó jọ ọ́."

Mo ní, "Ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n ká aṣọ yẹn o, Bàbá. Ẹ má pa iná." Mo ní kí dírẹ́bà yí mọ́tò padà. Àwọn ọmọ ń kùn pé ebi ń pa àwọn. Mo fún wọn ní bisikíìtì, mo ju fóònù sínú báàgì, mo wá òkúta kan jókòó lé nídìí àpáta, mo sì kọjú sí Zuma.