Omi Ẹnu Ọ̀nà àti Egbò Ẹsẹ̀ Màmá

Egbò kan tí kò ju orí àtàǹpàkò lọ ló fẹ́ẹ̀ tú Màmá mi àti Ìyá Ràfíà ká. Ẹsẹ̀ òsì Màmá ló wà, lókè ọrùn ẹsẹ̀. Òórùn rẹ̀ ni mo máa ń jí bá láràárọ̀ nílé wa ní Adéwọlé, ní Ìlọrin: omi iyọ̀ gbígbóná, ewé gígún, àti nǹkan mìíràn lábẹ́ wọn, bí ẹran tó sùn mọ́jú láìsè. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà náà.

Onídìrí ni àwọn méjèèjì, wọ́n sì jọ háyà ṣọ́ọ̀bù kan ní Challenge. Ìjẹ̀ṣà ni Màmá, ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Fate là ń lọ. Ọmọ Ìlọrin ni Ìyá Ràfíà, ilé aláfàá ni wọ́n ti bí i. Màmá kì í jókòó. Láti àárọ̀ títí wọn yóò fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́, orí ìdúró ló máa ń wà lẹ́yìn orí oníbàárà. Bí ẹnikẹ́ni bá ti àga sí i, á ní, "Ẹni tó bá jókòó, ebi á jókòó tì í."

Ìyá Ràfíà á fèsì láti orí àpótí tirẹ̀: "Èmi jókòó, ebi ò rí mi. Ìwọ lò ń dúró dè é. Ọmọ Òṣómàáló tí kì í lóṣòó!" Àwọn oníbàárà á bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Ìyá Ràfíà a máa wọ́n omi sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀rùn kan náà ni egbò yọ sí Màmá lẹ́sẹ̀, tí kò jiná, tí ẹsẹ̀ ń wú, tí awọ ibẹ̀ sì ń dúdú. Ẹ̀gbọ́n Màmá wá kí wa láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ó wo ẹsẹ̀ náà títí, ó ní, "Kí lo tẹ̀?" Màmá ronú, ó rántí omi.

"Háà! Ọmọ aláfàá ń da omi sẹ́nu ọ̀nà, o sì ń tẹ̀ ẹ́? Hàǹtú lo tẹ̀ yẹn."

Omi tí àwọn aláfàá fi ń fọ ọ̀rọ̀ Àlùkùránì kúrò lára pátákó ni hàǹtú. Mímu ni wọ́n ń mu ún fún ìlera àti oore. Ẹ̀gbọ́n Màmá kò mọ̀ jù pé omi àwọn aláfàá ni. Ọjọ́ kejì ni Màmá kó kóòmù àti dígí rẹ̀ kúrò ní Challenge, ó ń dìrí ní ìloro ilé wa. Ẹ̀gbọ́n Màmá fún mi ní iṣẹ́ tèmi náà: kí n máa fi àdín wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti orúnkún wá sísàlẹ̀, kí ohun tó tẹ̀ lè gba àtẹ́lẹsẹ̀ jáde. Ọwọ́ mi le, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Mo ń wọ́ ọ, ẹsẹ̀ ń wú sí i.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí Ìyá Ràfíà, ó gbé wàrà wá kí i. Màmá kò jáde láti inú yàrá. Ìyá Ràfíà gbé abọ́ náà lé mi lọ́wọ́. "Sọ fún ìyá ẹ pé eruku ni mo ń fomi pa. Ta ní í da hàǹtú sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ máa tẹ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run? Wọn ò kọ́ wa bẹ́ẹ̀ nílé kéú." Mo jẹ́ iṣẹ́ náà bó ṣe rán mi. Màmá kọjú sí ògiri.

Nígbà tí kò lè wọ bàtà mọ́, Bàbá mú un lọ sí ọsibítù, mo tẹ̀lé wọn. Nọ́ọ̀sì kan tó ti dàgbà tú ẹsẹ̀ náà wò. Kò béèrè ohun tó tẹ̀. Ó ní, "Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe, Màmá? Ẹ máa ń jókòó níbẹ̀?" Bàbá ló dáhùn: "Ebi á jókòó tì í ni."

Nọ́ọ̀sì ní kí Màmá jẹ́ kí apá rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, ó so rọ́bà mọ́ ọn lókè ìgúnpá. Àwọn iṣan yọ bíi gbòǹgbò. Ó fi ìka mi tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀ nítòsí ọrùn ọwọ́, ó wá fi ìka tirẹ̀ ti ẹ̀jẹ̀ inú iṣan náà lọ sókè, títí ó fi kọjá kókó kékeré kan. Láti ìka mi dé kókó náà, iṣan náà pẹlẹbẹ. Lókè kókó, ẹ̀jẹ̀ kún fọ́fọ́, ṣùgbọ́n kò padà sísàlẹ̀.

"Ilẹ̀kùn ló wà níbẹ̀," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ọ̀nà ọkàn nìkan ló ń ṣí sí. Ọkàn ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ káàkiri ara, kó gbé oúnjẹ àti atẹ́gùn fún un. Ṣùgbọ́n èyí tó bá dé ẹsẹ̀, òkè ló máa gùn bọ̀. Bí a bá ń rìn, ẹran ẹsẹ̀ ń fún un gòkè; ilẹ̀kùn ni kì í jẹ́ kó já bọ́. Ó yá, yọ ìka ẹ."

Mo yọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ sáré gun iṣan náà láti ìsàlẹ̀. Mo pariwo.

"Ilẹ̀kùn ti ẹsẹ̀ yín ti bàjẹ́, Màmá. Ẹ̀jẹ̀ ń já padà, ó ń dúró síbẹ̀. Awọ ibẹ̀ ò rí oúnjẹ jẹ, báwo ni egbò ṣe máa jiná?"

Màmá rọra béèrè pé, "Kì í ṣe ohun tí mo tẹ̀?"

"Ilẹ̀ tí ẹ̀ ń tẹ̀ lójú kan náà látàárọ̀ dalẹ́ ni."

Ó fi báńdéèjì di ẹsẹ̀ náà dáadáa láti ìka dé abẹ́ orúnkún. Ó ní bí Màmá bá dùbúlẹ̀, kí ẹsẹ̀ ga ju ọkàn lọ. Ó yíjú sí mi: "Ìwọ, má wọ́ ọ wá sísàlẹ̀ mọ́."

Táksí tí a wọ̀ padà gba Challenge. Màmá ní kí awakọ̀ dúró. Ìyá Ràfíà wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú garawa, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tutù ni. Màmá fi ẹsẹ̀ tí nọ́ọ̀sì fi báńdéèjì dì tẹ omi náà, ó wọlé, ó sì jókòó sórí àpótí Ìyá Ràfíà. N kò rí i kó jókòó níbẹ̀ rí.

Ìyá Ràfíà wò ó. "Òṣómàáló ti lóṣòó!" Ó fa àga kan, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lé e. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ ẹnikẹ́ni. Egbò náà pẹ́ kó tó jiná, àpá dúdú ló fi sílẹ̀.

Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ń ṣe báyìí. Mo ti dúró níwájú ilé ẹjọ́ àti lẹ́nu ọ̀nà àwọn aláṣẹ títí iṣan fi ta kókó sí mi lẹ́sẹ̀. Ọmọ tó pariwo nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń gun òkè mọ ìdí rẹ̀ dáadáa. Àgbàlagbà tí ọmọ náà dà ló gbàgbé. Dókítà tó yẹ̀ mí wò ní Ìlọrin níbí ní kí n máa wọ ìbọ̀sẹ̀ tó fún, kí n máa rìn, kí n sì padà wá fún àyẹ̀wò. Ó ní bí ilẹ̀kùn bá ti bàjẹ́ jù, àwọn yóò dí iṣan náà pa, ẹ̀jẹ̀ á gba iṣan mìíràn padà sọ́kàn.

Ó wá ti àga sí mi. Ọ̀rọ̀ Màmá ti dé ètè mi. Mo gbé e mì, mo jókòó.