Bàtà Tí Kò Sí Lẹ́nu Ọ̀nà

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi há ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ́mọ ìka sọ pé atẹ́gùn kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Bẹ́ẹ̀, obìnrin náà ń kú lọ lójú wa.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni, ní àsìkò òjò tó kọjá, nígbà tí omi odò kún wọ àdúgbò wa lẹ́yìn ọjà Mile 12. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ ń gbé yàrá kan ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn. Bàbá arúgbó kan tí gbogbo ilé ń pè ní Daddy ló ń dá gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe. Omi kò jẹ́ kí n lè wálé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ọ́fíìsì ni mo sùn sí. Nígbà tí mo dé, mo bá ẹ̀gbọ́n mi lórí bẹ́ẹ̀dì, èébì lára aṣọ rẹ̀, tó ń mí bí ẹni tó ti sáré. Mo pè é, kò dáhùn. Èmi àti ará àdúgbò kan la gbé e la omi já títì, a wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ketu.

Nọ́ọ̀sì ní ibà ni. Obìnrin tó ń tọ́jú ọkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa rọ̀ mí kí n má gbójú lé oògùn òyìnbó nìkan. Ọmọbìnrin tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún jù lọ ni dókítà. Ó wo ẹ̀rọ ìka náà, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n mi, ó yọ ẹ̀rọ náà, ó sì fi há ìka tara rẹ̀. Nọ́ńbà kan náà ló gbé wá.

Ó ní, “Ohun tí ẹ̀rọ yìí ń sọ àti ohun tí mò ń rí ò bára mu.”

Ó ní kí wọ́n gbé atẹ́gùn sí i nímú. Lẹ́yìn náà ló tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ níbi tí iṣan ti ń lù, ó sì fa ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé iṣan tó ń bọ̀ wá sí ọkàn ni wọ́n sábà máa ń gba ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ń ti ọkàn jáde ni òun fẹ́, torí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ló máa fi hàn bí atẹ́gùn ṣe wà lára gan-an. Ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò náà wà ní Ifákọ̀. Èmi ni mo máa gbé e lọ.

Wọ́n ní kí n ra píọ̀ wọ́tà tó ti dì. Nọ́ọ̀sì tò ó sínú kúlà, ó fi aṣọ wé abẹ́rẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ náà wà nínú rẹ̀, ó sì kì í sáàárín yìnyín náà. Ó ní, “Ẹ má ṣí i o, Aunty, ẹ má sì gbọ̀n ọ́n. Tí atẹ́gùn ìta bá wọ̀ ọ́, irọ́ ló máa pa. Ẹ̀yin oníròyìn ṣáà mọ̀ nípa ìyẹn.”

Mo gbé kúlà náà lé itan. Mo ti rí ẹ̀jẹ̀ náà kí wọ́n tó dé e: ó pupa foo, ó ń dán. Mo rò pé àmì àlàáfíà ni.

Ọkùnrin tó ṣe àyẹ̀wò náà ní Ifákọ̀ wo èsì, kò wo ojú mi. Ó ní kí n pe dókítà wa, ó sì kà á fún un lórí fóònù mi. Nígbà tó dá fóònù padà fún mi, dókítà sọ pé èéfín jẹnẹrétọ̀ ni. Májèlé inú rẹ̀ ò ní òórùn, ó ní, ó kàn ti gba àyè tí atẹ́gùn yẹ kó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á ṣì pupa, ẹ̀rọ ìka ò sì mọ ìyàtọ̀. Ó wá bi mí pé:

“Aunty, ta ló tún sùn nínú ilé yẹn?”

Mo pe ìyá onílé. Iwájú ilé ni yàrá tirẹ̀ wà, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ìta. Ó ní òun gbé jẹnẹrétọ̀ òun wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí omi má bàa bà á jẹ́, òun gbé e lé orí búlọ́ọ̀kù lápá ẹ̀yìn, ó sì ṣiṣẹ́ títí epo fi tán. Mo béèrè Daddy.

“Daddy ti jáde. Wọ́n ti lọ kírun. Bàtà wọn ò sí lẹ́nu ọ̀nà.”

Bá a ṣe ń mọ̀ nìyẹn nílé wa. Bàtà wà lẹ́nu ọ̀nà, ènìyàn wà nílé. Kò sí bàtà, má yọ ara rẹ lẹ́nu láti kan ilẹ̀kùn. Mo dúpẹ́, mo sì pa fóònù.

Inú kẹ̀kẹ́ ni mo wà, mò ń padà sí Ketu, nígbà tí mo wo ẹsẹ̀ ara mi: kò sí bàtà, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn. Mo tún pe ìyá onílé.

“Mummy, bàtà ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà lónìí nínú gbogbo ilé?”

Láti ìgbà tí omi ti dé ni gbogbo wa ti ń gbé bàtà wọlé kó má bàa léfòó lọ. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú omi. Mo gbọ́ tó ń kan ilẹ̀kùn, tó ń pe Daddy, tó ń pe àwọn ọkùnrin kí wọ́n wá já a. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ nígbà tó padà sórí fóònù.

“Bàtà wọn wà lórí tábìlì.”

Mo pa fóònù.

Ẹ̀gbọ́n mi lajú ní ọjọ́ kejì. Ó dá mi mọ̀, ó béèrè oúnjẹ, gbogbo wa dúpẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a ti padà sílé ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Mo ti sọ fún un pé Daddy kú, ó sunkún. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó tún dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ń wo ilẹ̀kùn òdìkejì.

“Daddy ò tíì ti mọ́ṣáláṣí dé?”

Ìyá onílé máa ń kúrò níbẹ̀ tó bá gbọ́ ọ. Ohun kan ṣoṣo ló ti sọ fún mi nípa ọ̀rọ̀ náà: “Omi ni mo ń gbé jẹnẹrétọ̀ sá fún.”

Dókítà ní kí n mú ẹ̀gbọ́n mi padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Iyè rẹ̀ lè padà sípò, ó sì lè má padà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ìbílẹ̀ wá wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, wọ́n ní èèwọ̀ ni jẹnẹrétọ̀ nínú ilé, àti pé àwọn máa wọ ilé dé ilé láti kìlọ̀ kí omi tó tún dé. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí. Mo lọ bá ọ̀gá wọn ní ọ́fíìsì, mo bi í pé ìgbà wo ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ ìkìlọ̀ náà.

Ó ní, “Tí òjò bá dá díẹ̀, a máa bẹ̀rẹ̀.”