Ọjọ́ tí Wọ́n Ta Àwọn Adìyẹ Tó Ń Yé

Ní àkókò tí mo ń sọ yìí, kò sí ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ nínú ilé wa ní àdúgbò Adéwọlé, ní Ìlọrin. Ilé àbúrò bàbá mi ni. Olùkọ́ ni wọ́n ní yunifásítì, kẹ́mísìrì ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀. Ìwé kẹrin ni mo wà lábúlé wa nítòsí Ọ̀mù-Àrán nígbà tí bàbá mi kú. Mi ò padà sílé ìwé mọ́. Wọ́n mú mi wá sí Ìlọrin kí n máa bá ìyàwó wọn tọ́jú ilé. Bí àwọn ọmọ wọn ṣe ń pè wọ́n ní Dádì àti Mọ́mì ni èmi náà ń pè wọ́n.

Ojú máa ń tì mí púpọ̀ nígbà náà. Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, ẹ̀yìn kọ́tìnnì ni màá kọ́kọ́ sá sí, màá máa retí kí ẹlòmíràn lọ ṣí i. Mọ́mì a ní, "Ọmọ yìí, ṣé wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ ẹ kí o tó sọ̀rọ̀ ni?" Síbẹ̀, ìtìjú yẹn náà ló jẹ́ kí wọ́n fọkàn tán mi. Ohun tí wọn kò lè sọ lójú àwọn ọmọ wọn, wọ́n ń sọ ọ́ lójú mi.

Owó oṣù Dádì kò tó gbọ́ bùkátà mọ́. Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀, ti dé, gbogbo nǹkan ti gbówó lórí. Wọ́n ti ra ọkọ̀ ìjàpá wọn nígbà tí náírà ṣì lágbára. Nígbà tó yá, bí wọ́n bá ti kúrò ní kíláàsì, wọ́n á bọ́ táì, wọ́n á dé fìlà wálẹ̀ kan ojú, wọ́n á máa fi ìjàpá náà kérò lọ sí Ọjà Tuntun. Wọ́n tún kọ́ ilé adìyẹ sí ẹ̀yìnkùlé. Èmi ni mò ń fún àwọn adìyẹ náà lóúnjẹ, èmi ni mò ń ṣa ẹyin wọn. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ Dádì ló ń wá rà á. Ọ̀kan nínú wọn máa ń pariwo láti ẹnu géètì pé, "Èrè tíṣà ń bẹ lọ́run, ẹyin tíṣà ń bẹ lẹ́yìnkùlé!" Dádì á bá a rẹ́rìn-ín. Bí ọkùnrin náà bá ti lọ tán, wọ́n á pòṣé.

Ìgbà tí ìròyìn iṣẹ́ tuntun dé ni àìbalẹ̀ ara náà wá wọ inú ilé tán. Yunifásítì kan ní orílẹ̀-èdè kan ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, tí n kò lè pe orúkọ rẹ̀ dáadáa, ti gba Dádì síṣẹ́. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ti Mọ́mì, ìrìn àjò tí ayé bá gbọ́, ayé á dí i lọ́nà ni. Ní ti Dádì, wọ́n ń bẹ̀rù pé bí ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́ bá gbọ́, ọ̀gá náà lè má jẹ́ kí àwọn lọ. Wọ́n ní tí àwọn bá débẹ̀ tán, àwọn á kọ̀wé ránṣẹ́ sí i pé àwọn ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mọ́mì pè mí sí ilé ìdáná, ó di etí mi mú.

"O ò gbọ́ nǹkan kan o."

"Mi ò gbọ́, mà."

"Bí ìrìn yìí bá bàjẹ́, ẹnu ẹ ni màá bi."

Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ọmọ yunifásítì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé padà, lẹ́yìn tí àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn tó fẹ́ jáde gbọ́dọ̀ kọ ìwé ńlá kan tí wọ́n ń pè ní pírójẹ́ẹ̀tì. Olùkọ́ tó ń tọ́ ọmọ sọ́nà ló máa kà á, òun ló máa fún un ní máàkì, òun náà ló máa fọwọ́ sí i. Bí kò bá fọwọ́ sí i, ọmọ náà kò tíì jáde.

Nínú àwọn tó wà lábẹ́ Dádì, ẹnìkan wà tí èmi ń pè ní Àǹtí Olómi. Ọmọ Ìlọrin ni, láti agbolé kan lẹ́yìn Ọjà Tuntun, ìbòrí rẹ̀ kì í kúrò lórí rẹ̀. Omi kànga ìlú ni pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dá lé. Ó ń lọ láti agbolé dé agbolé, ó ń bu omi sínú ìgò láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó dára fún mímu. Ó wá bu ti kànga tiwa náà, ibẹ̀ la ti di ọ̀rẹ́. Òun nìkan ni àlejò tó béèrè lọ́wọ́ mi pé ìwé kélòó ni mo kà dé, tó sì dúró gbọ́ èsì.

Ó sọ fún mi pé oògùn tí wọ́n fi ń dán omi wò ti tán ní yunifásítì, ẹ̀rọ wọn sì ti bàjẹ́, kò sẹ́ni tó tún un ṣe. Ó kó àwọn ìgò rẹ̀ lé itan, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìbàdàn láti lọ yá ẹ̀rọ ẹlòmíràn lò. Ìyá àgbà kan jókòó tì í nínú bọ́ọ̀sì, ó ń wo ìgò wọ̀nyẹn títí, ó wá ní, "Àlùfáà wo ló ṣe é fún ẹ? Bù díẹ̀ fún mi, ẹsẹ̀ ń dùn mí." Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ rí ìdí fún ẹ̀rín. Ìwé ọdún mẹ́rin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ti ọdún méje mọ́ ọn lọ́wọ́, nítorí ìdaṣẹ́sílẹ̀ àti títì tí wọ́n ń ti yunifásítì pa. Ata gbígbẹ ni ìyá rẹ̀ ń tà ní ọjà Ìpàtà, òun ló ń sanwó ohun gbogbo. Ìyá náà ti sọ fún un pé lẹ́yìn ọdún yìí, apá òun kò ká a mọ́, kó wá jókòó ti òun ní ìsọ̀. Bí Dádì bá fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ kí yunifásítì tó kó orúkọ àwọn tó jáde lọ, á bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìsọ̀ ata ló kù.

Ìwé náà wà lórí tábìlì Dádì. Mo mọ̀, nítorí èmi ni mò ń nu tábìlì náà. Ó wà lábẹ́ ìwé ìròyìn àti fọ́tò tí Dádì yà fún páálí ìrìn àjò. Ojoojúmọ́ ni mò ń nu eruku orí rẹ̀, n kò sì rí i kí ẹnikẹ́ni ṣí i.

Àǹtí Olómi wá ní ọjọ́ kan, Dádì rí i láti ojú fèrèsé. Wọ́n ní, "Lọ sọ fún un pé mi ò sí nílé."

Mo lọ. Ẹsẹ̀ mi ni mò ń wò. "Wọn ò... wọn ò sí nílé, mà."

Ó wo ìjàpá tó wà lábẹ́ igi máńgòrò. "Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn lọ?"

Mo ń fi ẹsẹ̀ họ ilẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Wàlláì, àbúrò mi, o ò mọ irọ́ pa rárá. Bá mi kí wọn."

Bí mo ti wọlé ni Mọ́mì dá mi dúró. "Ta ní ń wolẹ̀ purọ́ bẹ́ẹ̀ yẹn? Bí o bá fẹ́ sọ ọ́, gbójú sókè!"

Láti ọjọ́ náà, n kò lè jókòó sí ojú kan. Mo gbé omi kaná, mo gbàgbé rẹ̀ títí ó fi gbẹ. Mo ń ro ó pé bí mo bá sọ̀rọ̀, tí ìrìn wọn sì bàjẹ́, ibo ni màá gbà? Oúnjẹ wọn ni mò ń jẹ. Bí mo bá sì dákẹ́, Dádì á lọ, ìwé náà á sì kù sábẹ́ ìwé ìròyìn.

Ní ọ̀sẹ̀ tí Dádì fẹ́ lọ, Mọ́mì pe ọkùnrin aládìyẹ kan láti Ìpàtà ní òwúrọ̀ kí òun tó lọ síbi iṣẹ́ ní sẹkitéríàtì. Gbogbo adìyẹ ni wọ́n fẹ́ tà láti fi pé owó ọkọ̀ Dádì. Kí àwọn ará ilé kejì má baà fura, ó sọ ọ́ sókè pé àìsàn ló fẹ́ wọ ara àwọn adìyẹ náà.

Aládìyẹ gbé ọ̀kan sókè, ó wo ìdí rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀. "Àìsàn? Èyí tí ẹyin ń bẹ nínú rẹ̀ báyìí? Mọ́mì, kí Ọlọ́run jẹ́ kí irú àìsàn yìí ran gbogbo adìyẹ mi."

Ó kó wọn sínú àgò, ariwo wọn gba àdúgbò. Ọ̀kan yé sínú àgò lẹ́nu géètì. Ọkùnrin náà mú ẹyin ọ̀hún, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, èmi nìkan ló wà nílé. Mo gbọ́ tí wọ́n ń kan géètì. Àǹtí Olómi ni, òógùn bò ó.

"Wọn ò sí nílé, mà," ni mo wí. Òótọ́ ni lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ti gbé ọkọ̀ jáde. Ó wo abẹ́ igi máńgòrò, ó mí kanlẹ̀, ó yí padà láti máa lọ. Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń lọ. N kò mọ ìgbà tí ẹnu mi là.

"Ẹ wá mu omi, mà."

Ó yà á lẹ́nu. Mo máa ń gbé omi wá bá àlejò níwájú ilé ni. Ṣùgbọ́n n kò gbé e wá. Mo ṣíwájú rẹ̀, mo mú un gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo bu omi fún un nídìí ilé adìyẹ. Ó lóṣòó, ó mu ún. Bó ti gbé ife kúrò lẹ́nu, ó tẹ́tí sílẹ̀. Kò sí ariwo kankan.

"Àwọn adìyẹ dà?"

"Wọ́n ti tà wọ́n, mà."

"Gbogbo wọn?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Títí kan àwọn tó ń yé?"

Mo tún mi orí.

Ọmọ ọlọ́jà ni. Ó gbé ife sílẹ̀. "Ta ní ń ta adìyẹ tó ń yé lọ́wọ́?" Ó wò mí. Èmi náà wò ó, n kò wolẹ̀. Kò béèrè ohun tó kù, mo sì mọ̀ pé tìtorí mi ni kò ṣe béèrè. Ó fa àpótí tí mo fi ń jókòó, ó jókòó lé e, ó ká aṣọ rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀. "Mo máa dúró dè wọ́n níbí."

Dádì gba ẹ̀yìn wọlé, fìlà ṣì wà lórí wọn. Àǹtí Olómi kúnlẹ̀ níwájú wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ bá mi ka ìwé mi kí ẹ tó lọ."

"Kí n tó lọ síbo?" Wọ́n wo ẹ̀yìn wọn. "Ta ló sọ fún ẹ?"

Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé ife tó wà nílẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, sà. Àwọn adìyẹ ni."

Dádì wo ilé adìyẹ tó ṣófo. Wọ́n wò mí, n kò mọ ohun tí wọ́n rí lójú mi. Wọ́n bọ́ fìlà. "Lọ gbé ìwé rẹ̀ wá lórí tábìlì mi. Mú bírò pupa bọ̀."

Wọ́n jókòó sórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń yára ṣí i bí ẹni tí iná ń jó nídìí. Nígbà tó yá, ọwọ́ wọn rọ̀. "Kànga wo lèyí? Kí ló dé tí ti agbolé yìí burú tó báyìí?" Àǹtí Olómi ṣàlàyé fún wọn pé ṣáláńgá ló wà lápá òkè kànga náà, ìdọ̀tí rẹ̀ sì ń ṣàn wọ inú omi. Wọ́n jiyàn. Dádì fi igi kékeré ya àwòrán sórí ilẹ̀. N kò tíì rí ojú wọn bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dé ilé wọn.

Wọ́n fọwọ́ kan ibì kan. "Ibí yìí ṣófo."

"Oògùn ló tán, sà. Mo lè kọ nǹkan síbẹ̀, àmọ́ mi ò yẹ̀ ẹ́ wò."

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé oògùn tán. Kí wọ́n kà á."

Mọ́mì dé láti ibi iṣẹ́, ó bá wa níbẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. "Dádì, ẹ mọ ohun tó wà nílẹ̀ o."

"Jẹ́ kí n parí ojú ewé yìí."

Ojú ewé náà kò parí títí oòrùn fi rẹlẹ̀. Wọ́n kọ máàkì, wọ́n fọwọ́ sí i. Àǹtí Olómi kò tíì dìde. "Sà, àwọn ẹgbẹ́ mi kan ṣì wà tí ìwé wọn ń bẹ lọ́wọ́ yín."

"Kí la tún gbọ́ yìí!" Mọ́mì pariwo.

Dádì fọwọ́ nu ojú. Wọn kò ní àkókò láti ka ìwé wọ̀nyẹn mọ́. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n kó àwọn ìwé náà lọ fún olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn, ẹni tó máa ń pariwo ẹyin tíṣà. Kí wọ́n tó lè fún un, wọ́n ní láti sọ ìdí rẹ̀. Báyìí ni ayé ṣe gbọ́. Ìrìn náà kò sì bàjẹ́. Dádì nìkan ló lọ, ní ọjọ́ tí wọ́n dá. Ọ̀rọ̀ tí Mọ́mì ń bá mi sọ kò ju "gbé e" àti "sọ ọ́ kalẹ̀."

Nígbà tí orúkọ àwọn àgùnbánirọ̀ jáde, Àǹtí Olómi wá dágbére fún wa pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Òkè Ọya ni wọ́n gbé e lọ, láti lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé. Mọ́mì wò ó láti òkè délẹ̀.

"Tí o bá ṣe é tán ńkọ́? Iṣẹ́ wo ló wà nílẹ̀? Àwọn tó kọ́ yín gan-an ti ń sá lọ."

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ débẹ̀ ná."

Mọ́mì pòṣé, ṣùgbọ́n ó wọlé lọ, ó sì mú búrẹ́dì jáde fún un.

Mo bá a gbé báàgì dé títì. Ó ní, "Ìwé kẹrin kì í ṣe òpin ìwé o, àbúrò mi." Mo gbé báàgì náà lé e lọ́wọ́. Ọkọ̀ dúró, ó wọlé, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Mo dúró síbẹ̀ títí n kò fi rí i mọ́. Ọkọ̀ mìíràn dúró, ọmọ ọkọ̀ ń kígbe sí mi pé, "Ṣé ò ń lọ? Ṣé ò ń lọ?" Mo gbọ́ tí Mọ́mì ń pè mí láti ẹnu géètì. Ẹsẹ̀ mi kò tíì fẹ́ padà.