Ọkọ̀ Ojú Irin Tí Kò Bàjẹ́

Etí Bàbá ló ń kú lọ. Mo mọ̀, síbẹ̀ ọkọ̀ ojú irin wọn ni mo jókòó tì, tí mo ń tún ṣe. Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn, n kò ní fún un ní orúkọ mìíràn.

Ọkọ̀ tí mo ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń wọ̀. Ó gùn tó apá àgbàlagbà, ó wúwo, ó sì ń yípo lórí irin tí Bàbá tẹ́ sí yàrá abẹ́ ilé ọmọ wọn ní ìlú Pickering, lókè òkun níbí. Iṣẹ́ rélùwéè ni Bàbá ṣe ní Nàìjíríà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí àwọn ọmọ mú wọn wá síbí, tí òtútù sé wọn mọ́lé, ọkọ̀ kékeré yìí ni wọ́n fi ń dá ara wọn lára yá.

Èmi ní tèmi, ilé ìkẹ́rùsí kan ní Vaughan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àdúgbò Jane and Finch ni mo ń gbé. Ìwé mi ò pọ̀. Mo fi girama sílẹ̀ láàárín, mo lọ kọ́ṣẹ́ rédíò títúnṣe n'Ìbàdàn. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí wa bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro, mo sì bá wọn tún un ṣe. Lẹ́yìn ìrun, Bàbá, tí mo kàn máa ń kí ní mọ́ṣáláṣí tẹ́lẹ̀, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọmọ mi, ṣé o lè bá mi wo rélùwéè kan?"

Mo rò pé wọ́n ń bá mi ṣàwàdà ni.

Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, pátákó kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní dikódà. Òun ló ń gba àṣẹ láti ọwọ́ rìmóòtù, tó ń sọ fún mọ́tò pé ó yá, sáré, dúró. Káàdì ohùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú káàdì yẹn ni ariwo ẹ́ńjìnnì, fèrè àti aago wà, sípíkà á wá gbé e jáde. Bí ọkọ̀ bá yadi, èèyàn á kọ́kọ́ nu irin àti ẹsẹ̀ ọkọ̀, torí pé ìdọ̀tí lè dí iná lọ́nà. Á wá yọ sípíkà, á fi òmíràn tó dá a lójú síbẹ̀. Bí ìyẹn náà ò bá fọhùn ló tó di pé èèyàn ń fura sí káàdì tàbí dikódà.

Mo nu irin. Mo fi mítà tí a fi ń yẹ iná wò wo sípíkà, nǹkan kan ò ṣe é. Mo so sípíkà tèmi mọ́ ọn náà. Mo tẹ fèrè lórí rìmóòtù. Fèrè ké, ó gba gbogbo yàrá. Bàbá tẹ orí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n tẹjú mọ́ ọkọ̀.

"Ṣé o ti tẹ̀ ẹ́?"

Ọwọ́ mi ṣì wà lórí bọ́tìnnì. Mo tún tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n mi orí. "O ò rí i? Ó ti kú."

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, èébú ni kí wọ́n pe èèyàn ní adití. Báwo ni èmi, ọmọ àná, ṣe máa wo àgbàlagbà lójú kí n ní etí yín ò gbọ́ mọ́? Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn. Mo wọ inú ètò dikódà, mo gbé fólúmù sókè, mo tún tẹ fèrè.

Ojú Bàbá là. "Ẹ̀n-ẹ́n! Òun nìyẹn! Ẹnjiníà mi!"

Wọ́n di ọwọ́ mi méjèèjì mú, wọ́n ń ṣàdúrà fún mi. Màmá, ìyàwó wọn, sọ̀kalẹ̀ wá, ọwọ́ létí.

"Alhaji, ẹ ti sọ ilé ọmọ ọlọ́mọ di stéṣàn!"

"Wá ra tíkẹ́ẹ̀tì tìẹ náà," Bàbá dá wọn lóhùn, gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Kí n má parọ́, ìtìjú nìkan kọ́ ló pa mí lẹ́nu mọ́. Kò sẹ́ni tó pè mí ní ẹnjiníà rí. Níbi iṣẹ́ mi, "hey, you" ni wọ́n ń pè mí. Mo gbé orúkọ tuntun yẹn wọ bọ́ọ̀sì padà sílé bí ẹni gbé ẹ̀bùn.

Kò pẹ́ tí Bàbá tún fi pè mí. "Ohùn rẹ̀ ti ń rẹlẹ̀ o." Mo lọ, mo gbé e sókè. Wọ́n tún pè. Nígbà tí fólúmù dé òpin, mo gbé sípíkà tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i. Lọ́jọ́ yẹn, ọmọ-ọmọ wọn obìnrin fi ìka di etí, ó kígbe pé, "Grandpa, it's too loud!"

Bàbá kọjú sí mi. "Kí ló wí?"

"Ó ní ó dára, sà."

Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi ló ti jáde.

Nígbà tí yìnyín bọ́ sílẹ̀, Màmá jáde lọ da ìdọ̀tí nù láìwọ kóòtù, ilẹ̀kùn sì tì mọ́ wọn lẹ́yìn. Wọ́n tẹ aago, wọ́n gbá ilẹ̀kùn, wọ́n ń pe ọkọ wọn. Bàbá wà ní abẹ́ ilé pẹ̀lú ọkọ̀ wọn. Aládùúgbò kan ló rí Màmá níbi tí wọ́n ti ń gbọ̀n, tó mú wọn wọlé. Ọmọ wọn obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, kò fi falẹ̀ mọ́. Ó mú Bàbá lọ fún àyẹ̀wò etí.

Òun ló pè mí lórí fóònù tó sọ bó ṣe lọ. Dókítà bi Bàbá pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀. Bàbá ní kò tíì pẹ́ rárá. "Bí n kò bá gbọ́ ohùn ọkọ̀ mi tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ ló ń bàjẹ́. Ẹ bi ẹnjiníà mi, òun ló ń tún un ṣe."

Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́ fún mi. Èmi ò rí ẹ̀rín rín. Dókítà ní etí ọ̀tún ti kọjá àtúnṣe, pé ká ní wọ́n tètè wá ni, oògùn ì bá ti dá a dúró díẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sí ti òsì.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Bí ìmáàmù bá ti ṣe sálámà tí ìrun parí, mo ti wọ bàtà. Bàbá ló wá dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹnjiníà, o ń sá fún mi ni?"

"Iṣẹ́ ni, sà."

"Ẹ̀rọ etí yìí ò fọhùn dáadáa. Wá bá mi wò ó."

Mo bá wọn dé ilé. Kí n tó jókòó, mo dá fólúmù ọkọ̀ padà síbi tó wà kí n tó fọwọ́ kàn án rárá. Bàbá yọ ẹ̀rọ náà létí, wọ́n gbé e lé mi ní àtẹ́lẹwọ́. Kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ. Ìdọ̀tí etí ló dí ẹnu rẹ̀. Bí mo ṣe ń nù ún, mo sọ ọ́, ní ohùn tí ẹlòmíràn á gbọ́: "Bàbá, ọkọ̀ yìí ò bàjẹ́ rí. Etí yín ni. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

Wọ́n ń wo ẹnu mi. Wọ́n gba ẹ̀rọ, wọ́n fi í sí etí.

"Kí lo ń sọ?"

"Mo ní ó ti mọ́, sà."

Bàbá fúnra wọn tẹ fèrè. Ó dún jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Wọ́n yí etí òsì sí i, wọ́n pa ojú dé. "Ó dún," wọ́n ní. "Ọlọ́run á bù kún ọ, ẹnjiníà mi."

Mo ṣe àmín. Mo ṣì jẹ Bàbá ní gbèsè ọ̀rọ̀ yẹn: kí n sọ ọ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá wà létí wọn.