Bí Mo Ṣe Yan Yunifásítì fún Ìyàwó Mi

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹnikẹ́ni kò ròyìn rẹ̀ fún mi, n kò sì gbọ́ ọ ní ìsọ̀ ẹlòmíràn. Bí ẹ bá pàdé ẹni tó sọ fún yín ní Kaduna pé ìyàwó káfíńtà Makera kàn ṣàdédé bá ara rẹ̀ ní yunifásítì ni, ẹ sọ fún un pé káfíńtà náà ṣì wà láàyè, ó sì ní kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo yan yunifásítì náà. Mo yàn án bí mo ṣe ń yan pákó: mo lọ síbẹ̀, mo fọwọ́ kàn án, mo jókòó lé e.

Mo rántí ìgbà náà dáadáa. Ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Abuja ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra láti Rigasa ni, gbogbo ènìyàn sì ń wá ohun tí yóò gbé wọn wọ̀ ọ́. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Makera nígbà náà, bó ṣe wà níbẹ̀ títí dòní, n kò sì tíì rí káfíńtà mìíràn ní gbogbo agbègbè yẹn tó lè kan àga tí ọkùnrin sísanra mẹ́ta máa jókòó lé lẹ́ẹ̀kan náà tí kò ní dún. Ìwé mẹ́fà ni wọ́n ní kí n kà, n kò parí ìkẹfà. Ìyàwó mi ló kàwé nínú àwa méjèèjì. Ó ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́ni, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan tí kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyá rẹ̀ ti kúrò nílé ní Kogi, wọ́n wá ń bá wa gbé, àwọn ló ń tọ́jú àwọn ìbejì wa. Yorùbá ni Màmá máa fi ń bá wọn wí, Hausa ni àwọn ọmọ máa fi ń dá wọn lóhùn, ọ̀rọ̀ náà á sì yé gbogbo wọn.

Lọ́jọ́ kan, ìyá tó ni ilé ẹ̀kọ́ náà pe àwọn olùkọ́ rẹ̀ jọ, ó ní lẹ́yìn ọdún márùn-ún sí i, ẹni tí kò bá ní oyè yunifásítì kò ní kọ́ ọmọ lọ́dọ̀ òun mọ́. Ìyàwó mi délé, kò jẹun. Kì í ṣe iṣẹ́ lásán ni iṣẹ́ yẹn lójú rẹ̀. Mo ti rí i tó ń fi ẹfun kọ lẹ́tà sára ògiri ìdáná fún àwọn ìbejì nígbà tí wọn kò tíì mọ̀ ọ́n rìn dáadáa. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá gba kíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ti gé apá kan lára rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó ní òun ti mọ ibi tí òun máa lọ: yunifásítì ìjọba tó wà láàárín ìlú. Owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, wọ́n ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ àti lọ́jọ́ Sátidé, òun kò ní fi iṣẹ́ sílẹ̀, bọ́ọ̀sì kan náà ló máa gbé òun lọ láti Makera. Ó sọ gbogbo rẹ̀ tán kí n tó bu òkèlè kejì. Mo ní kó dákẹ́ ná. Ọ̀rọ̀ tó tóbi tó báyìí, ṣé a máa ń parí rẹ̀ kí ọbẹ̀ tó tutù ni?

Ìdí tí mo fi ní kó dákẹ́ ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wa. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa máa ń pàdé ní Ungwan Shanu, nílé alága, ní ọjọ́ Àìkú tó bá kẹ́yìn oṣù. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni akọ̀wé yìí, ọ̀rẹ́ mi sì ni, èmi ni mo kan bẹ́ẹ̀dì tí ó ń sùn lé. Ìyàwó tirẹ̀ ti lọ sí yunifásítì aládàáni kan ní apá Abuja, kò sì sí ìpàdé tí a ṣe tí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà kò ní wọ̀ ọ́, kódà nínú àdúrà. Nígbà tó gbọ́ ti ìyàwó mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àbí èyí tó wà nínú ìlú ni yóò lọ, níbi tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti ń kàwé. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára bí ìṣó. Kí n tó mọ̀, mo ti dìde láàárín ẹgbẹ́, mo ní ibi tí ìyàwó akọ̀wé lọ ni ìyàwó tèmi náà máa lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo jókòó, mo fẹ àyà bí ẹni tó ti sanwó tán.

Ìyàwó mi kò bá mi jà. Ó kàn bi mí nílé pé, "Bàbá Ìbejì, ẹ̀rọ ìrẹ́gi yẹn lẹ máa tà, àbí ilé tí à ń gbé?"

Màmá wà nítòsí, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Wọ́n tún ṣa ẹ̀wà díẹ̀, wọ́n wá ní ìròyìn kò tó àfojúbà, kí ọkọ ọmọ àwọn lọ fojú ara rẹ̀ wo àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà. N kò mọ̀ bóyá àwọn àti ọmọ wọn ti jọ sọ ọ́ ṣáájú. Ó dùn mọ́ mi nínú. Bí ọ̀rọ̀ bá ti di kí a lọ wò ó, ó ti di ọ̀rọ̀ tèmi nìyẹn.

Mo kọ́kọ́ lọ sí ti aládàáni. Mo wọ bùbá àti ṣòkòtò mi funfun, mo fi téèpù tí mo fi ń wọn pákó sápò, nítorí n kì í jáde láìsí i, mo sì wọ ọkọ̀ ojú irin ní Rigasa. Ọkùnrin Hausa kan tí a jọ jókòó bi mí ibi tí mò ń lọ, mo ní mò ń lọ yan yunifásítì. Ó ní madalla, ó dára bẹ́ẹ̀. N kò ní parọ́ mọ́ wọn, ilé ẹ̀kọ́ náà dára. Òdòdó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ilẹ̀ ń dán, ọ̀dọ́bìnrin tó mú mi yí ká ń pè mí ní sà. Ó ní àwọn náà ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀. Ó mú mi dé yàrá kan, ó ní kí n sinmi kí òun lọ pe ọ̀gá. Àga fóòmù ló wà níbẹ̀, wọ́n fi awọ rírọ̀ bò ó, ẹ̀rọ amúlétutù sì ń fẹ́ jẹ́jẹ́. Mo fọwọ́ tẹ fóòmù náà, ojúlówó ni. Mo wá fẹ̀yìn tì í, kí n lè mọ bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe rí.

Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ló jí mi. Ọ̀gá ti wá, ó ti wò mí títí, ó ti bá tirẹ̀ lọ.

Ẹlòmíràn ì bá tijú. Èmi rò ó jinlẹ̀. Nínú ọkọ̀ tí mo fi ń padà bọ̀, mo ní bí èmi tí n kò gbé pákó kankan láti àárọ̀ bá lè sùn lórí àga yẹn, obìnrin tó ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ dúró níwájú àwọn ọmọ ńkọ́? A ó wá san gbogbo owó yẹn kí ó lè lọ sùn. Bẹ́ẹ̀dì wà nílé.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo lọ sí ti àárín ìlú ní ìrọ̀lẹ́. Mai gadi tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní bí n kì í bá ṣe akẹ́kọ̀ọ́, kí n dúró síta. Mo dúró. Kò pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dé: sójà kan tí eruku wà lára bàtà rẹ̀, nọ́ọ̀sì kan nínú aṣọ funfun tó ń jẹ búrẹ́dì bó ṣe ń rìn, obìnrin kan tó pọn ọmọ, àwọn ọkùnrin méjì tí wọn kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́. Akọ̀wé kò parọ́, oníkẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sábẹ́ igi, ó fa ìwé yọ lábẹ́ ìjókòó, ó sáré wọlé bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo sáré tẹ̀lé e. Mai gadi ti gbàgbé mi, ó rò pé mo ti pẹ́ ni, ó ní kí n ṣe kíá.

Ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí. Ẹni tó kan bẹ́ǹṣì yẹn, ó yẹ kí wọ́n gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀. Pákó tútù ló lò, gbogbo rẹ̀ ti tẹ̀, ìṣó kan sì yọrí sókè gan-an níbi tí itan ènìyàn máa ń wà. Mo fa téèpù yọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n. Ibi tí mo ti ń wọ̀n ọ́n ni olùkọ́ ti rí mi, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń sọ̀rọ̀ nípa bí ọmọdé ṣe ń kọ́ nǹkan. Ó bi mí ní èdè Òyìnbó ohun tí mò ń ṣe, mo ń wọn pákó mi lọ. Ó tún bi mí ní Hausa. Mo dìde, mo ní mo wá wo bẹ́ǹṣì ni, ìyàwó mi ló fẹ́ wá jókòó lé e. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, sójà yẹn ló rẹ́rìn-ín jù. Olùkọ́ ní ó dáa, kí ni mo ti wá rí?

Mo ní, "Bẹ́ǹṣì yín kò dára rárá. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń sùn."

Ẹ̀rín náà rọlẹ̀. Olùkọ́ wo àwọn ènìyàn rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, bí ẹni pé òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí wọn. Ó ní, "To, Baba, ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ìyókù." Mo jókòó títí wọ́n fi ṣe tán. Ó ní ọmọ tí ebi ń pa kò lè gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ, mo sì gbà fún un. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ibi tí mo kàwé dé, mo máa ń ní mo wọ yunifásítì. Kò sí ẹni tó ń bi mí pé wákàtí mélòó.

Mo pe ìyàwó mi àti Màmá jókòó, mo ní mo ti yàn, èyí tó wà nínú ìlú ni. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fóòmù, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì. Ìyàwó mi kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá Ìbejì. Ẹ̀yin náà lẹ ronú débẹ̀." Màmá kọjú sí ògiri, wọ́n ń wúkọ́.

Ó wá ku ẹgbẹ́. Nígbà tí mo sọ ọ́ nípàdé, akọ̀wé bojú wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé owó ló tán ni?"

Mo ní, "Akọ̀wé, ìyàwó mi ló ń lọ sílé ẹ̀kọ́, kì í ṣe ẹnu mi."

Alága fi fìlà bo ẹnu, gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Kò yà sí ṣọ́ọ̀bù mi mọ́ láti ìgbà náà.

Bí ìyàwó mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bó bá ti jáde níbi iṣẹ́, á yà sí ṣọ́ọ̀bù, á mu kunu, á gbọn lẹ́bú pákó kúrò lára yẹ̀rì, á wọ bọ́ọ̀sì. Màmá ń se oúnjẹ, èmi ń jẹ ẹ́, n kò sì ráhùn. Ó ń lọ dáadáa títí àwọn olùkọ́ yunifásítì fi daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ti gbogbo ilẹ̀kùn, oṣù ń gorí oṣù. Ọdún márùn-ún tí ìyá onílé-ẹ̀kọ́ dá kò daṣẹ́ sílẹ̀ ní tirẹ̀. Ìyàwó mi kàn ń ká ìwé, ó ń ṣí i, ó tún ń ká a. Mo ní kó pe àwọn tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì wá, kí wọ́n máa kàwé lọ́dọ̀ wa. Ní Sátidé, mo to bẹ́ǹṣì síwájú ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ǹṣì gidi, èyí tí mo fọwọ́ ara mi kàn, n kò fi fóòmù kankan sí i. Sójà wá, nọ́ọ̀sì wá, oníkẹ̀kẹ́ gbé àwọn tí ọ̀nà wọn jìn wá. Mo pa ẹ̀rọ ìrẹ́gi fún wọn. Ẹni tó bá mọ káfíńtà mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Síbẹ̀, ọdún márùn-ún pé, ìwé kò tíì parí. Ó ku ọdún kan gbáko. Ìyá onílé-ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ pe ìyàwó mi. Mo ní kí n lọ bá a sọ̀rọ̀, ẹ sáà mọ̀ mí. Ìyàwó mi ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá Ìbejì, ẹ dúró ní ṣọ́ọ̀bù." Mo dúró díẹ̀, mo wá tẹ̀lé e. Láti ojú fèrèsé ni mo ti rí i. Kò kúnlẹ̀, kò sunkún, kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ìdaṣẹ́sílẹ̀. Ó ní kí ìyá náà wá jókòó nínú kíláàsì òun, kí ó wo iṣẹ́, kí ó tó dájọ́. Ìyá náà tẹ̀lé e, ó jókòó sórí àga ọmọdé lẹ́yìn, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ìyàwó mi kọ́ àwọn ọmọ náà bí a ṣe ń pín nǹkan sí mẹ́rin, ó lo ọsàn. Nígbà tó parí, ìyá náà pẹ́ kó tó dìde. Ó ní, "Máa ṣiṣẹ́ lọ. Bó o bá gba ìwé náà, kó o mú un wá kí n rí i." Mo ti padà dé ṣọ́ọ̀bù kí ìyàwó mi tó dé, mo mú òòlù lọ́wọ́. Ó wo eruku tó wà lẹ́sẹ̀ mi.

Ó gba ìwé náà. Òun ni olórí àwọn olùkọ́ níbẹ̀ báyìí, mo sì máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù bí afẹ́fẹ́ bá kọjú sí mi. Nígbà mìíràn tí n kò bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́, mo máa ń rò ó pé ó ti yàn án kí n tó yàn án. Kò burú. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì ni, òsì wẹ ọ̀tún, mo sì mọ̀ pé àwa méjèèjì ni ọwọ́ wa mọ́.

Ohun tó bá ìwé náà lọ nìyí. Ọgbà ẹ̀fọ́ wa tó wà lẹ́yìnkùlé kú, nítorí kò sí ẹni tó ráàyè bomi rin ín. Akọ̀wé kò bá mi ṣọ̀rẹ́ mọ́, bí a bá pàdé, à ń kí ara wa ni. Ìyàwó mi kò lè kàwé mọ́ láìlo gíláàsì. Màmá kú ní ọdún tó kẹ́yìn yẹn, wọn kò rí ọmọ wọn nínú ẹ̀wù oyè. Ọgbà kan, ọ̀rẹ́ kan, ojú méjì, ìyá kan.